Ilẹ̀ Nẹ́dálándì sọ odi ogun di ọ̀nà kẹ̀kẹ́, kí ni yóò kù lára Erédò Ìjẹ̀bú?

Láti ìlú Muiden tó wà nítòsí Amsterdam, títí dé agbègbè àbàtà tí wọ́n ń pè ní Biesbosch ní gúúsù orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa mọ̀ sí Họ́láńdì, àwọn ọ̀nà tóóró wà tí mọ́tò kò gbọdọ̀ gbà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n da ọ̀dà sí. Òmíràn jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, òmíràn jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ lórí òkìtì tí wọ́n mọ sí etí odò, òmíràn sì jẹ́ ipa ọ̀nà lásán láàárín igi. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá ti dé, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n máa ń gba ibẹ̀, bàbá àgbà, ọ̀dọ́langba, àti ìyá tó gbé ọmọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Wọn a la inú igbó kọjá, wọn a yọ sí ibi irà tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ ti ń lúwẹ̀ẹ́, kò sì ní pẹ́ tí wọn yóò fi kan ilé bíríkì ràgàjì kan tí koríko ti bo orí rẹ̀, tí omi sì yí i ká.

Ilé odi ni. Ogun ni wọ́n kọ́ ọ fún, kì í ṣe ìgbádùn. Bí odi tí wọ́n fi dènà ọ̀tá ṣe wá di ibi tí àwọn èèyàn ti ń na ara wọn lórí kẹ̀kẹ́, tí àjọ UNESCO sì kà á mọ́ àwọn ogún àgbáyé, jẹ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àwọn tó wà ní Ìjẹ̀bú, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fetí sí, nítorí àwa náà ní odi tiwa nínú igbó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tíì yanjú.

Ọdún 1672 ni ìtàn náà ti gbilẹ̀. Àwọn ará Nẹ́dálándì ń pe ọdún yẹn ní ọdún àjálù, nítorí ọba Louis kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé kó ogun wọ ilẹ̀ wọn, ìlú lórí ìlú sì ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò sí òkè ńlá tí wọ́n lè sá gùn, ilẹ̀ wọn tẹ́jú bí ẹní, apá kan rẹ̀ tilẹ̀ rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Ohun tí wọ́n ní ni omi, òun náà ni wọ́n sì lò. Wọ́n ṣí àwọn ilẹ̀kùn omi, wọ́n dá òkìtì etí odò lu, omi bo pápá tí màlúù ti ń jẹko, ogun Faransé sì dúró gbagidi níwájú rẹ̀. Yorùbá ní omi kò lọ́tàá. Àwọn ará Nẹ́dálándì sọ omi di ọ̀tá ẹni tó bá dojú ìjà kọ wọ́n.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò díjú rárá. Omi tí wọ́n ń dà sórí pápá kì í jìn ju nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà lọ, kò dé orúnkún àgbàlagbà. Nítorí pé kò jìn, ọkọ̀ ojú omi kò lè rìn nínú rẹ̀. Nítorí pé ó bo kòtò àti ìṣàn omi mọ́lẹ̀, ọmọ ogun tó bá ní òun yóò fẹsẹ̀ wọ́ ọ kò mọ ìgbà tí ilẹ̀ yóò gbé òun mì. Ẹṣin kò lè sáré níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ àgbá ìbọn sì máa ń rì. Ibi tí omi kò lè bò nìkan, bíi ojú títì, òkìtì àti etí odò ńlá, ni ọ̀tá lè gbà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì kọ́ ilé odi sí.

Àbùkù kan wà lára rẹ̀ tí ẹ̀dá kò lè tún ṣe. Omi a máa di yìnyín nígbà òtútù. Ní December 1672 ogun Faransé gba orí yìnyín wọlé, wọ́n sì dáná sun ìletò Bodegraven àti Zwammerdam kí yìnyín tó yọ́ tí wọ́n sì fi sá padà. Nígbà òtútù ọdún 1794 wọ 1795, àwọn odò dì débi pé ogun Faransé rìn wọlé lórí wọn, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn padà mọ́.

Síbẹ̀, wọn kò jáwọ́. Ní 1815 ọba Willem kìíní fọwọ́ sí i kí wọ́n mọ odi omi tuntun, èyí tí ọ̀gágun Cornelis Krayenhoff ya àwòrán rẹ̀. Ilà odi tuntun yìí gùn tó kìlómítà 85, fífẹ̀ ilẹ̀ tí omi lè bò sì tó kìlómítà mẹ́ta sí márùn-ún. Láti 1880 sí 1920 wọ́n tún mọ òmíràn yí Amsterdam ká, tó gùn ní kìlómítà 135. Ilé odi tó wà nínú méjèèjì pọ̀ tó 96. Owó tí wọ́n ná lé e lórí kò kéré, àmọ́ ayé ń sáré jù wọ́n lọ. Ní nǹkan bí 1885 irú ọta àgbá tuntun kan jáde tó lè fọ́ ògiri bíríkì túútúú, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọnkéré tún odi ṣe. Nígbà tó sì di May 1940, Jámánì kò bá ẹnikẹ́ni jà nínú omi. Wọ́n gba òfuurufú wọlé, wọ́n ju bọ́ǹbù sí Rotterdam, ní ọjọ́ bíi mélòó kan orílẹ̀-èdè náà ti túúbá. Iṣẹ́ tó gbà ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ọkọ̀ òfuurufú fò ó kọjá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìfẹ́ àṣà àti ìtàn ló mú kí odi náà wà títí dòní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ló pa á mọ́, òfin ogun tó le sì ni. Ní 1853 ìjọba Nẹ́dálándì ṣe òfin kan tó fa àyíká mẹ́ta yí ilé odi kọ̀ọ̀kan ká, ti 300 mítà, ti 600 mítà àti ti 1,000 mítà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé nínú àyíká àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fi pákó kọ́ ọ, kí àwọn ológun lè dáná sun ún kíákíá bí ogun bá dé, kí ọ̀tá má baà rí ibi fara pamọ́ sí. Àyíká kejì fàyè gba díẹ̀ sí i. Nínú ìkẹta, èèyàn lè kọ́ ohun tó wù ú, ṣùgbọ́n ológun lè wó o bí ogun bá dé. Àwọn tó ní ilẹ̀ níbẹ̀ kò fẹ́ràn òfin náà, ó sì dájú pé ó pa wọ́n lára. Àmọ́ 1963 ni wọ́n tó fagi lé e. Ìyẹn ni pé fún 110 ọdún, nígbà tí Utrecht àti àwọn ìlú mìíràn ń gbòòrò, ilé kò lè jẹ ilẹ̀ odi. Títí di òní, àwọn ilé onípákó kan ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, tí ẹni tí kò mọ ìtàn yóò máa wò pé ẹwà lásán ni wọ́n fi pákó ṣe.

Lẹ́yìn tí àwọn ológun lọ, igbó gba ibẹ̀. Òòbẹ̀ wọ inú yàrá ìbọn, wọ́n ń sun oorun òtútù níbẹ̀, igi ńlá hù lórí òrùlé. Odi Rijnauwen tó tóbi jù lọ nínú wọn wà nítòsí Utrecht, ẹnikẹ́ni kò sì lè wọ ibẹ̀ bó ṣe wù ú, àyàfi kó tẹ̀ lé amọ̀nà, nítorí àwọn ẹranko tó ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Àwọn yòókù ni wọ́n ń wá iṣẹ́ fún. Wọ́n sọ ọ̀kan di ilé oúnjẹ, wọ́n sọ òmíràn di ibi àgọ́. Ní 2015 wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé odi omi sí odi Vechten. Nítòsí Culemborg, wọ́n fi ayùn la ilé kọnkéré ológun kan sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá lè rí bí inú rẹ̀ ṣe há tó. Ní July 2021, UNESCO so odi tuntun náà pọ̀ mọ́ ti Amsterdam tó ti wọ ìwé ogún àgbáyé láti 1996.

Kẹ̀kẹ́ ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èèyàn lè rò pé Ọlọ́run dá kẹ̀kẹ́ mọ́ àwọn ará Nẹ́dálándì ni, nítorí kẹ̀kẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn pọ̀ ju iye wọn lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, mọ́tò ni àwọn náà ń sìn, wọ́n ń wó ilé láti fẹ títì. Ní 1971, àwọn tí mọ́tò pa lójú títì lé ní 3,000, ó sì lé ní 400 ọmọdé tó wà nínú wọn. Àwọn òbí bọ́ sí ìgboro pé kí wọ́n dẹ́kun pípa ọmọ àwọn. Nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n gógó ní 1973, ìjọba fi òfin de mọ́tò lọ́jọ́ Àìkú fún ìgbà díẹ̀, àwọn èèyàn sì rí bí ìlú ṣe ń rí láìsí ariwo. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó dá dúró, èyí tó ti tó nǹkan bí 35,000 kìlómítà báyìí.

Gígun kẹ̀kẹ́ lórí òkúta wẹ́wẹ́ gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀nà oko onírìyẹ̀rìyẹ̀ pọ̀ sí, ni ìdíje rẹ̀ tó lókìkí jù lọ ti bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Ní 2022 àjọ eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Ítálì. Táyà kẹ̀kẹ́ náà gbòòrò ju ti eré ìje orí ọ̀dà lọ, kì í sì í pọn dandan kí ìjọba ná owó ọ̀dà kí ọ̀nà tó ṣeé gbà. Èyí gan-an ló mú kí ó bá ilẹ̀ odi mu, torí òkìtì etí omi àti ọ̀nà inú igbó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ológun ló là wọ́n. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gígùn kan tó ń tẹ̀ lé àwọn odi omi, láti Edam lọ sí Bergen op Zoom, lé ní 400 kìlómítà. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n fi nọ́ńbà sí àwọn oríta ọ̀nà kẹ̀kẹ́, kí ẹni tó ń lọ kàn kọ nọ́ńbà mélòó kan sínú bébà, kó sì máa tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti kọ́ ìyẹn, ẹlẹ́rọ̀ ibi ìwakùsà kan tó ń jẹ́ Hugo Bollen ló gbé e kalẹ̀ ní agbègbè Limburg ní 1995.

Gbogbo rẹ̀ kò dùn bí oyin o. Kẹ̀kẹ́ náà a máa ba ilẹ̀ jẹ́ bí ó bá pọ̀ jù. Lórí òkè onígbó tó wà ní ìlà-oòrùn Utrecht, wọ́n ti ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú igbó, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ra àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́dọọdún, owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń tún ọ̀nà ṣe. Ẹni tó ń rìn, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó ń ṣọ́ ẹyẹ kì í sábà gbọ́ ara wọn yé. Ọ̀rọ̀ mọ́tò tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igbó Amelisweerd wà lẹ́bàá Utrecht, kò jìnnà sí odi Rijnauwen. Ní September 1982, ọlọ́pàá lé àwọn tó kọ́ àgọ́ sórí igi níbẹ̀ dànù, wọ́n sì gé igi náà lulẹ̀ kí títì ńlá A27 lè kọjá. Nígbà tó yá, ìjọba tún ní àwọn fẹ́ mú títì náà fẹ̀ sí i. Ní July 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ ìṣàkóso ìjọba fagi lé ètò náà, nítorí pé ìṣirò ìjọba lórí èéfín tó ń ba ilẹ̀ àti ewéko jẹ́ kò bá òfin mu. Ìjọba mú ìpinnu mìíràn wá ní 2020, ìjà sì tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó hàn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìwé UNESCO nìkan kì í dá katakata dúró. Àwọn tó ń gba inú igbó náà kọjá lójoojúmọ́, tí wọ́n mọ igi rẹ̀, ni wọ́n ń pariwo tí wọ́n sì ń gba ilé ẹjọ́ lọ.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Erédò Sùngbọ́, yàrà àti òkìtì tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká, gùn ju 160 kìlómítà lọ. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì odi omi tuntun ti Nẹ́dálándì. Láti ìsàlẹ̀ yàrà títí dé orí òkìtì, ó ga tó 20 mítà níbòmíràn. Ọwọ́ àti ọkọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ nínú yangí, kò sí ẹ̀rọ kankan. Ohun tó sì yani lẹ́nu ni pé àwọn baba wa náà mọ ìwúlò omi. Ọ̀mọ̀wé Patrick Darling tó rin ibẹ̀ wò láàárín ọdún 1990 sí 1999 rí i pé àwọn tó gbẹ́ ẹ máa ń wá omi abẹ́ ilẹ̀ tàbí amọ̀, kí ìsàlẹ̀ yàrà lè di ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọ̀tá kò lè kúrò nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti tètè kan omi, wọ́n dáwọ́ dúró, kódà bí kò jìn ju mítà kan lọ. Utrecht àti Ìjẹ̀bú kò kọ́ ọ lọ́wọ́ ara wọn, ilẹ̀ tó ní irà ló kọ́ àwọn méjèèjì.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Òkè-Ẹ̀rí ni pé Bílíkísù Sùngbọ́, obìnrin olówó kan tí kò bímọ, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má baà parẹ́. Àwọn kan so obìnrin náà pọ̀ mọ́ ọbabìnrin Ṣébà inú ìwé mímọ́, èyí ni wọ́n fi ń rin ìrìn àjò lọ sí ibojì rẹ̀. Ìwádìí àwọn awalẹ̀pìtàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní tirẹ̀ fi gbígbẹ́ Erédò sí ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, èyí tó jìnnà sí ìgbà Ṣébà ní ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ. Àríyànjiyàn yẹn dára, àmọ́ ó ti gba àyè jù. Bí ìròyìn bá ti kan Erédò, Ṣébà ni gbogbo ènìyàn ń bèèrè, wọn kì í bèèrè pé ibo ni òkìtì náà ṣì dúró sí.

Ní 1995 ìjọba Nàìjíríà fi Erédò àti odi Ìyá ti Benin sínú ìwé tí orílẹ̀-èdè fi ń sọ fún UNESCO pé àwọn fẹ́ mú ibì kan wá fún àyẹ̀wò. Ọdún kejì ni odi Amsterdam wọ ìwé ogún àgbáyé. Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo wọ̀ ọ́ ní 2005. Erédò ṣì wà nínú ìwé ìdúródè. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí, nítorí UNESCO kì í gba ibi tí kò ní ààlà tó dájú àti òfin tó ń ṣọ́ ọ. Igbó Òṣogbo jẹ́ hẹ́kítà 75, ó ní olùṣọ́, ó ní odún, ó ní àwọn tó gbà pé ibẹ̀ jẹ́ ibi mímọ́. Ní ti Erédò, títì ti là á kọjá níbòmíràn, ilé ti gorí òkìtì níbòmíràn, àgbẹ̀ ń dáko nínú yàrà. Nígbà kan ẹ̀rù igbó ló ń ṣọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí òfin ológun ṣe ń ṣọ́ odi Nẹ́dálándì. Ẹ̀rù yẹn ti dín kù, kò sì sí òfin tó rọ́pò rẹ̀ lójú àwọn tó ń ta ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gan-an ló sì gbóná jù. Èbúté Lekki ṣí ní January 2023, ilé ìfọpo Dangote bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, owó ilẹ̀ láti Lekki sí Ẹ̀pẹ́ sì ń gòkè. Ibẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè Erédò wà, èyí tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2003. Àwọn tó ń ra ilẹ̀ kò burú, ẹni tó bá ní owó a fẹ́ kọ́lé. Ṣùgbọ́n òkìtì tí bọ̀dósà bá fi wó lulẹ̀ láàárín òwúrọ̀ kan, kò sí ẹni tó lè tún un mọ.

Ṣé kẹ̀kẹ́ lè gba Erédò là? Kẹ̀kẹ́ nìkan kò lè ṣe é, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gun kẹ̀kẹ́ lórí òkìtì náà fúnra rẹ̀, nítorí òjò ilẹ̀ wa yóò tẹ̀ lé ipa táyà, yóò sì wọ́ yangí lọ. Ọ̀nà tí wọ́n bá fẹ́ là gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrà, níta, pẹ̀lú afárá pákó níbi tí irà bá wà. Yangí ti wà níbẹ̀, kò ní ná ìjọba tó títì ọlọ́dà kan. Àwọn ọmọ abúlé tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwé àti oko yóò jàǹfààní rẹ̀ kí àlejò kankan tó dé. Ẹ̀kọ́ Nẹ́dálándì ni pé ààlà ló kọ́kọ́ dé, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wá tẹ̀ lé e ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá la ọ̀nà sí Erédò láì tíì fa ààlà, ńṣe ni wọ́n kàn ń la ọ̀nà fún àwọn tó ń wá ilẹ̀ rà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò gba owó rẹpẹtẹ. Kí àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí ní Nàìjíríà gbé àwòrán ibi tí Erédò gbà fún ilé iṣẹ́ ilẹ̀ ní Abẹ́òkúta àti ní Aláúsà, kí ẹnikẹ́ni má lè rí ìwé ilẹ̀ gbà lórí òkìtì náà àti ní ìwọ̀n mítà tí òfin bá yàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú fún ìdílé tí ilẹ̀ rẹ̀ bá bọ́ sínú ààlà. Àwọn ọba àti baálẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ilẹ̀ tí ìjọba bá fi agbára gbà kì í pẹ́ tí ẹjọ́ fi ń bo ó. Ẹni tó bá ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Èkó kò lè jọ ṣe é, kí ó wo ti Nẹ́dálándì, níbi tí àwọn ìpínlẹ̀ tí odi omi tuntun gbà kọjá ti jọ ń bójú tó o, Noord-Holland, Utrecht, Gelderland àti Noord-Brabant. Mẹ́rin ni wọ́n. Ìpínlẹ̀ méjì péré ni Erédò wà.